Kámẹ́rà lọ́fun ọmọdé: kí ni àwọn dókítà ń wá níbẹ̀?

Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kúbwá, nígbà tí wọ́n ń pín jọ̀lọ́ọ̀fù sínú ike, Ìyá Ìbejì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Kẹ́hìndé, ọmọ ọdún 5. Ẹran ti hù sẹ́yìn imú rẹ̀, bélúbélú rẹ̀ wú, bó bá sì ti sùn, á máa hanrun bí àgbàlagbà tó mu ẹmu yó. Ohun tó ń já ìyá rẹ̀ láyà jù ni pé híhanrun yẹn máa ń dá wáí láàárín òru, tí gbogbo ilé á pa lọ́lọ́, kí ọmọ tó tún mí. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ abẹ gan-an ló fẹ́ bi mí.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, dókítà ní àwọn máa ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́ lọ́fun. Kí ni wọ́n fẹ́ yà níbẹ̀? Ṣé wọ́n á gbé e sórí Facebook ni?"

Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ mo rí i lójú rẹ̀ pé kò bá mi ṣeré. Mo ti fi ọdún 19 ṣe nọ́ọ̀sì tíátà, 11 nínú rẹ̀ ní Abuja níbí, mi ò sì rántí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni jókòó ti òbí kan, kó ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀fun ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e kọjá ilẹ̀kùn. Ìwé la máa ń gbé fún wọn pé kí wọ́n buwọ́ lù. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yìí, ọ̀rọ̀ tó ń lọ lọ́wọ́ ni láàárín àwọn dókítà akunnilóorun káàkiri ayé, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn kan ní gbogbo ọmọdé tí wọ́n bá fẹ́ ki rọ́bà bọ̀ lọ́fun ni kí wọ́n lo ẹ̀rọ oníkámẹ́rà fún. Àwọn mìíràn ní ká fi pamọ́ de ọjọ́ tí nǹkan bá le. Ìdí ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù kọ́ ni èèyàn ti lè tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tán, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí rọ́bà. Bí oògùn oorun bá ti wọ ọmọ lára, tí wọ́n sì fi èyí tó ń mú kí iṣan ara dẹ̀ kún un, ọmọ náà kò ní lè mí fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ló máa mí fún un. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n máa ń tì gba ẹnu wọ inú ọ̀nà èémí, òun ni ọ́síjìn máa gbà dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹnu ọ̀nà èémí yìí ni tán-án-ná wà, èyí tí àwọn tó ṣe Yorùbá ní sẹ́kọ́ńdìrì á rántí: òun ni tíṣà ní ká fọwọ́ kan gògóńgò ká lè gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n tí a bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ọ̀nà oúnjẹ wà. Ihò méjì ni, ọ̀kan ṣíwájú, ọ̀kan tẹ̀lé e, nínú òkùnkùn, nínú itọ́. Bí rọ́bà bá ṣìnà wọ ti ẹ̀yìn, ikùn ni a ń fẹ́ ọ́síjìn sí, ẹ̀dọ̀fóró ò sì rí nǹkankan.

Àgbàlagbà tó bá ti mí ọ́síjìn dáadáa kó tó sùn lè fún dókítà ní ìṣẹ́jú mélòó kan láti wá ọ̀nà. Ọmọ ọwọ́ kì í fúnni ní ààyè bẹ́ẹ̀. Tí a bá wọ̀n ọ́n ní kílò sí kílò, ọ́síjìn tí ọmọ ọwọ́ ń lò tó ìlọ́po méjì ti àgbà, èyí tó sì lè kó pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ máa gbọ́ tí ohùn ẹ̀rọ tí wọ́n fi há ìka rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀, pín, pín, pín, lẹ́yìn náà ni ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí lù díẹ̀díẹ̀. Ohùn yẹn ṣì máa ń bá mi dé ilé nígbà mìíràn.

Bí ọmọdé ṣe rí gan-an tún dá kún un. Orí rẹ̀ tóbi lẹ́yìn, bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ láìfi aṣọ tì í léjìká, ṣe ni àgbọ̀n rẹ̀ máa tẹ̀ wá sí àyà. Ahọ́n rẹ̀ kún ẹnu. Gògóńgò rẹ̀ wà lókè ju ti àgbà lọ, ìdérí kékeré tó wà lókè tán-án-ná rọ̀, ó sì máa ń ṣubú bo ibi tí èèyàn ń wá. Ọ̀nà èémí ọmọ tuntun kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 lọ, inú rọ́bà tó máa gba ibẹ̀ kò sì fẹ̀ ju mílímítà 3 tàbí 3.5: ẹ ronú kan sítírọ́ọ̀ tó máa ń wà lára páálí jùúsì. Bí rọ́bà bá fi sẹ̀ǹtímítà kan péré wọlé jù, ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún nìkan ló máa rí atẹ́gùn. Bí ẹnì kan bá sì yí orí ọmọ láìfura, ó lè yọ jáde. (Fún ọmọ bíi Kẹ́hìndé, ìṣirò kan wà tí gbogbo wa mọ̀ lórí: pín ọjọ́ orí rẹ̀ sí mẹ́rin, fi 3.5 kún un tí rọ́bà náà bá ní báálúùnù lẹ́nu. Á wá bọ́ sí nǹkan bíi 4.5 sí 5. Bí ọmọ bá kéré ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ, a tún máa gbé èyí tó kéré sẹ́gbẹ̀ẹ́.)

Ohun tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni láríńgóskóòpù. Ó ní ọwọ́ tí bátìrì wà nínú rẹ̀, ó ní irin pẹlẹbẹ tó ní iná lẹ́nu. Irin yẹn ni a ń pè ní bíléèdì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í gé nǹkankan. Dókítà á fi gbé ahọ́n àti àgbọ̀n sókè, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á di ojú kan, á máa yọjú wo inú ẹnu ọmọ bí ẹni tó ń wo inú kànga. Robert Miller ló gbé bíléèdì tó nà gbọọrọ jáde ní 1941, Robert Macintosh ní tirẹ̀ ṣe èyí tó tẹ̀ ní 1943, àwọn méjèèjì ló ṣì wà nínú àwo wa títí dòní.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ríran nínú gbogbo ètò yìí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lójú tèmi.

Ẹ fojú inú wò ó. Dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ wà lórí ọmọ, ọ̀gá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, èmi mú rọ́bà dání. Ọ̀gá bi í pé, "Ṣé o rí i?" Ó dáhùn pé, "Mo rí i, sà." Kò rí nǹkankan. Èmi náà mọ̀ pé kò rí i, nítorí ẹni tó bá rí tán-án-ná, ọwọ́ rẹ̀ máa ń balẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí a kọ́ nílé, tí ọ̀gá bi í léèrè, ta ni nínú wọn ló máa sọ pé mi ò rí i? Wọ́n á ti rọ́bà, a ó fetí sí àyà, a ó fetí sí ikùn, ohùn pín-pín-pín á bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀, ọ̀gá á wá gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi kọ́ iṣẹ́ báyìí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún dókítà kékeré yẹn pàtó ibi tí irin rẹ̀ ti ṣìnà, nítorí kò sẹ́ni tó bá a wo ohun tó ń wò.

Kámẹ́rà ló yí èyí padà. Ní 2001, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Kánádà, John Pacey, gbé GlideScope jáde, ó lẹ kámẹ́rà kékeré mọ́ ẹnu bíléèdì, àwòrán sì ń yọ lórí ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi ti wà lọ́jà: C-MAC ti ilé iṣẹ́ Karl Storz ní Jámánì, McGrath tí ojú rẹ̀ wà lórí ọwọ́ rẹ̀ gan-an, àti àwọn tó ń ti Ṣáínà wá. Ojú dókítà kò ní láti wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú tán-án-ná ọmọ mọ́. Ọ̀gá ń wò ó, èmi ń wò ó, akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ń wò ó. "Fà á sẹ́yìn díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Dúró. Ó ti yọ." Mo ti gbọ́ kí kọ́ńsọ́táǹtì kan máa fi Yorùbá darí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan báyìí ní tíátà, tí dókítà Hausa tó dúró tì wọ́n náà ń mi orí, nítorí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ kò nílò ògbufọ̀.

Ṣé ó wá ń gba ọmọ là ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ìdáhùn sí èyí ti yí padà láàárín ọdún díẹ̀. Ní 2017, àwọn Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ láti wò ó pọ̀, wo ti àwọn ọmọdé láìka ọmọ tuntun mọ́ ọn. Wọ́n ní ẹ̀rọ oníkámẹ́rà ń pẹ́ ju ti àtijọ́ lọ, ó sì jọ pé ó ń kùnà jù ú lọ, àmọ́ wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò lágbára. Àwọn tí kò fẹ́ràn kámẹ́rà di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin. Nígbà tó di 2020, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde lórí 564 ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ní ilé ìwòsàn ọmọdé ńláńlá ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà. Nínú 100 ọmọ tí wọ́n lo kámẹ́rà fún, rọ́bà wọlé ní ìgbà àkọ́kọ́ fún 93. Ní ti àtijọ́, 88. Àwọn tí nǹkan ńlá ṣe jẹ́ 2 nínú 100 lábẹ́ kámẹ́rà, 5 lábẹ́ ti àtijọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni rọ́bà ṣìnà wọ ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ lábẹ́ kámẹ́rà, àwọn 7 lábẹ́ ti àtijọ́.

Láti 88 sí 93, márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan lè ní kò tó nǹkan. Àmọ́ ẹ wo èyí tó tẹ̀lé e. Ní 2024, ìwádìí láti ilé ìwòsàn àwọn aboyún ní Dublin, ní Ireland, jáde nínú New England Journal of Medicine. Ọmọ tuntun ni gbogbo wọn, 214, tí wọ́n nílò rọ́bà ní kánjúkánjú ní yàrá ìbímọ tàbí ní yàrá ìtọ́jú àwọn ọmọ tuntun. Kámẹ́rà: 74 nínú 100 ní ìgbà àkọ́kọ́. Láìsí kámẹ́rà: 45. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré rárá.

Kí ló fà á tí ti Dublin fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ náà kéré jù, wọ́n sì ń ṣàìsàn, ìyẹn jẹ́ ara rẹ̀. Àmọ́ mo rò pé ọwọ́ tó ń ṣe é ni ìdí tó kù. Ní àwọn ilé ìwòsàn ọmọdé ńlá wọ̀nyẹn, àwọn tó ń ki rọ́bà bọ ọmọdé lójoojúmọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó ti mọ ọ̀nà oko dénú kò nílò tọ́ọ̀ṣì tó bẹ́ẹ̀. Ní Dublin, àwọn dókítà ọmọ tuntun ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń kọ́ṣẹ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwa gan-an ni ẹ̀rọ yìí wúlò fún jù. Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà akunnilóorun lágbàáyé ní ó kéré tán, ó yẹ kí dókítà akunnilóorun márùn-ún wà fún 100,000 èèyàn. Nàìjíríà kò ní tó ẹyọ kan fún iye yẹn. Èyí tí a sì ní, jàpá ń kó wọn lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Àríwá, nọ́ọ̀sì akunnilóorun ló ń dá iṣẹ́ yìí ṣe, ọmọ ọwọ́ kan lè má wá sọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù kan.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ń tẹnu mọ́ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdíje. Ní 2016, wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ ọmọ 1,018 tí ọ̀fun wọn ṣòro jáde. Ọmọ kan nínú márùn-ún ló ní ìṣòro kan tàbí òmíràn, bí ìgbìyànjú bá sì ti ń ju méjì lọ bẹ́ẹ̀ ni ewu ń pọ̀ sí i. Ọ̀fun ọmọdé máa ń wú. Irin tó wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rin ti ba ọ̀nà èémí jẹ́ kó tó rí i. Ìdí nìyẹn tí ìlànà tí àwọn dókítà akunnilóorun ilẹ̀ Yúróòpù gbé jáde fún ọmọ tuntun àti ọmọ ọwọ́ ní 2024 fi ní kámẹ́rà ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé, pẹ̀lú bíléèdì tó bá ọjọ́ orí ọmọ mu, kí wọ́n sì má ṣe gbìyànjú lọ títí.

Mo mọ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wa tí kò gba èyí. Wọ́n ní ọmọ tó bá fi kámẹ́rà kọ́ṣẹ́, ọjọ́ tí iná bá lọ ló máa sunkún. Mi ò lè sọ pé wọ́n purọ́. Ìdáhùn tí mo rí tó dáa jù ni pé ẹ̀rọ kan wà tí bíléèdì rẹ̀ rí bí ti Miller àti Macintosh gẹ́lẹ́: dókítà kékeré lè máa fi ojú ara rẹ̀ wo inú ẹnu ọmọ bí ti àtijọ́, kí ọ̀gá rẹ̀ máa wo ojú ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn níbi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa. Èyí tó tẹ̀ kọdọrọ bí ìwọ̀ ni ti rẹ̀ yàtọ̀: á jẹ́ kí o rí tán-án-ná kedere, àmọ́ rọ́bà á kọ̀ láti dé ibi tí ojú rẹ ti dé, àfi tí o bá ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rọ́bà kó lè tẹ̀ bíi tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí á máa wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò ní lè wọlé.

Ọ̀rọ̀ Àríwá tún ní ti rẹ̀ lọ́tọ̀. Ìparí 2022 ni àrùn dìftéríà tún gbérí ní Nàìjíríà, Kánò ló sì le sí jù. Mashako ni àwọn Hausa ń pè é. Awọ kan tó rí bí eérú máa ń bo ọ̀fun ọmọ, ọrùn á wú bí ti màlúù, ẹ̀mí á máa dí. Àwọn ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pẹ́ńtà ló ń kó o jù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé àrùn yìí wà lára ohun tó bí iṣẹ́ kíki rọ́bà bọ ọ̀fun ọmọdé. Ní New York, ní nǹkan bí ọdún 1885, dókítà Joseph O'Dwyer rí i tí àwọn ọmọ ń kú ikú yìí lójú rẹ̀, ó wá ṣe ọ̀pá irin kékeré oníhò tó ń tì bọ̀ wọ́n lọ́fun. Kò sí iná, kò sí dígí. Ìka rẹ̀ ló fi ń wá ẹnu ọ̀nà, nínú ẹnu ọmọ tó lè gé e jẹ. (Dígí tilẹ̀ ti wà nígbà náà: olùkọ́ orin kan, Manuel Garcia, ti fi dígí àti ìtànṣán oòrùn wo tán-án-ná ara rẹ̀ bó ṣe ń kọrin ní 1854. Ṣùgbọ́n olórin ló ṣí ẹnu fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọmọ tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́.)

Ọmọ tó ní mashako kì í ṣe ti ẹni tó ń dánra wò. Awọ yẹn lè ya, kó já bọ́ dí ọ̀nà pátápátá, nígbà mìíràn abẹ lọ́rùn ló máa kù. Kámẹ́rà máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti rí ibi tí awọ náà dé, ó sì ń jẹ́ kí ojú dókítà jìnnà díẹ̀ sí ẹnu ọmọ tó ń húkọ́. Ìgbà kòrónà, ní 2020, ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kọ́ ìlò yẹn.

Ní Sókótó ẹ̀wẹ̀, ilé ìwòsàn kan wà fún àwọn ọmọ tó ní noma, àrùn tó ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ojú àwọn ọmọ tí ebi ti pa kù. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi noma kún àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì ní oṣù Kejìlá 2023, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ṣáájú ìbéèrè yẹn. Àwọn tó bá yè é, ojú àpá tó le máa ń so àgbọ̀n wọn pọ̀ tí ẹnu kò fi ní ṣí. Ọmọ tí ìka kan ò lè wọ ẹnu rẹ̀, níbo ni kámẹ́rà tó sanra bí ṣíbí yìí máa gbà? Àfi kí wọ́n lo èyí tó rí bí okùn, tó ń rọ̀, kí wọ́n gba imú. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ, tí wọ́n bá dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwòsàn, wọn kì í mẹ́nu bà á.

Wọn kì í sì í mẹ́nu ba bíléèdì. Ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n fi ayẹyẹ gba ẹ̀rọ oníkámẹ́rà kan, a ya fọ́tò. Bíléèdì tó bá a wá jẹ́ nọ́ńbà 3 àti 4, ti àgbàlagbà. Ti ọmọdé, 0, 1 àti 2, wọ́n ní ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ fún ọdún méjì àti ààbọ̀. Láàárín àkókò náà, mẹ́tírọ́nù tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé wọ́n á jí i tàbí pé á bàjẹ́ lọ́wọ́ òun, mi ò sì dá a lẹ́bi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, ta ló máa san án tó bá já bọ́? Àmọ́ ọjọ́ tí ọmọ kan tí ọ̀fun rẹ̀ le wá dé, ní aago méjì òru, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mẹ́tírọ́nù ní Nyanya. Nígbà tí a fi máa rí kọ́kọ́rọ́, bátìrì ti kú. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ yẹn ló yọ ọ́.

Ohun tí mo ń sọ láti ìgbà yẹn ni pé bí ilé ìwòsàn bá fẹ́ fi kámẹ́rà pamọ́ de ọmọ tó le, kò yẹ kó rà á rárá. Ẹni tí kò fi wo ọ̀fun ọmọ tó rọrùn ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kò ní mọ̀ ọ́n lò ní òru Sátidé. Ibi gbangba ni kó wà, lórí tábìlì, lẹ́nu ṣájà, kí wọ́n máa lò ó fún gbogbo ọmọ, kí ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n ra bíléèdì ọmọdé kí wọ́n tó ra ojú tó tóbi. Kí wọ́n ṣètò bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fọ bíléèdì tí a kọ ọ́ sí lára pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí a lò ó. Àwọn tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ti wà, ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan. Àwọn dókítà ní ilẹ̀ mìíràn tilẹ̀ ti so irú kámẹ́rà tí mẹkáníìkì fi ń wo inú ẹ́ńjìnnì mọ́ bíléèdì lásán, ó sì ń ríran. Kò ní yà mí lẹ́nu bí àwọn ọmọ Banex, ọjà fóònù Abuja níbí, bá ti ní in ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ki i bọ ẹnu ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún mi bó ṣe máa pa kòkòrò ara rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ pé owó ẹyọ nǹkan kan péré ló wà, mi ò ní fi ra kámẹ́rà. Ọ́síjìn tí kì í tán ló máa kọ́kọ́ wá, àti ẹ̀rọ tó ń wọn kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ̀sáìdì nínú èémí tó ń jáde. Òun ni ẹlẹ́rìí tí kì í ṣègbè: bí rọ́bà bá wà ní ọ̀nà èémí, ìlà rẹ̀ á máa gòkè á máa sọ̀ lójú ẹ̀rọ bí òkè Abuja, bí ó bá wà ní ọ̀nà oúnjẹ, ìlà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Kámẹ́rà lè fi rọ́bà tó ń wọ tán-án-ná hàn ẹ́, kí rọ́bà náà tún yọ nígbà tí wọ́n ń lẹ pílásítà mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ lè bo ojú rẹ̀, ooru ẹnu ọmọ lè mú kó fẹ́ ìrì bí gíláàsì mọ́tò láàárọ̀ ọyẹ́. Ìwọ̀n èémí kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tíátà tí mo ti wọ̀ kò ní in. Etí àti àdúrà ni a ń lò.

Gbogbo èyí kọ́ ni mo sọ fún Ìyá Ìbejì lọ́jọ́ náà, jọ̀lọ́ọ̀fù ti ń tutù. Mo sọ fún un pé kámẹ́rà náà kì í ṣe láti ya fíìmù, pé àwọn ẹ̀rọ kan lè gba àwòrán sílẹ̀ lóòótọ́, bí wọ́n bá sì fẹ́ gbà á sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè sọ pé rárá. Mo ní kó bi wọ́n léèrè nǹkan méjì: ṣé wọ́n ní bíléèdì ọmọ ọdún 5, àti kí ni wọ́n fi ń mọ̀ pé rọ́bà wà níbi tó yẹ.

Ó bi wọ́n. Ó ní dókítà wò ó bí ẹni pé ó ti ibi kan wá, ó jókòó, ó sì dáhùn ìkejì dáadáa. Fún ti àkọ́kọ́, ó ní kí òun lọ wò ó. Nọ́ńbà 2 wà ní tíátà kejì, wọn ò tíì fọ̀ ọ́. Wọ́n sún un sí Ọjọ́rú.

Kẹ́hìndé ti padà sílé báyìí. Áísì kirímù ló ń bèèrè láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, Táyé sì ń bínú pé òun náà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Ìyá wọn pè mí lóru ọjọ́ kẹrin. Mo ti dìde jókòó kí n tó gbé fóònù. Ó ní kò sí nǹkankan o, pé ọmọ náà kò hanrun mọ́ rárá ni, pé ilé wá dákẹ́ jù, òun sì ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti lọ gbé ọwọ́ lé e láyà.